Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú yíya fíìmù ojú ilẹ̀ tí kì í mì

Ọ̀pọ̀ ló rò pé kò sóhun tó rọrùn tó kéèyàn gbé kámẹ́rà síwájú adágún, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iṣẹ́ ńlá ni. Nígbà tí ojú ilẹ̀ bá pa rọ́rọ́, àyípadà kékeré tó bá tọwọ́ kámẹ́rà wá ni òǹwòran máa kọ́kọ́ rí.

Ibi tí “auto”, ìyẹn kí kámẹ́rà máa fúnra rẹ̀ yan ètò, ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn. Ìkùukùu bo oòrùn, omi tó ń dán bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti òdìkejì títí dé ẹsẹ̀ òkúta iwájú. Ohun tí ẹ jókòó dè gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà rò pé ìmọ́lẹ̀ ti kéré jù, ó bá bù kún un, òjìji náà sì pòórá. Ẹ pa autofocus (tó ń wá ibi tí àwòrán á ti mọ́ kedere), auto ISO (tó ń mú kí àwòrán mọ́lẹ̀ sí i tàbí kó ṣú sí i) àti auto white balance (tó ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe). Ẹ fi white balance sí 5600K (àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán), kí shutter (àkókò tí fírémù kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìmọ́lẹ̀) wà ní 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá bó bá jẹ́ fírémù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí oòrùn bá le jù, ND filter (gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù) ni kí ẹ lò. Ẹ má fún ojú lẹ́ǹsì pọ̀ dé f/22 (bí nọ́ńbà f bá ṣe ń tóbi sí ni ojú lẹ́ǹsì ń kéré sí), torí pé eruku orí sensor (ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà) á hàn lójú sánmà bí ìdọ̀tí, á sì dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. f/8 ti tó.

Ẹ pa stabiliser (ohun tó ń dín mímì àwòrán kù) náà tí kámẹ́rà bá ti wà lórí tripod (ẹsẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé): á máa wá ìmìtìtì tí kò sí, àwòrán á sì máa yọ́ rìn. Ẹ má fa ọ̀pá àárín tripod sókè. Àpò iyanrìn tí ẹ bá so sábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fara kan ilẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ á máa fì í.

Àwọn kan ń ya ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á wá fà á gùn lórí kọ̀ǹpútà. Omi á máa ṣàn bí epo, ẹyẹ á há sójú ọ̀run, ohùn kò sì ní bá àwòrán mu mọ́. Nínú 13 Lakes (2004), adágún 13 ní Amẹ́ríkà ni James Benning, òǹṣefíìmù ará Amẹ́ríkà, yà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ bàtà 400 fíìmù 16mm, ìyẹn róòlù kan, kì í ju bí ìṣẹ́jú 11 lọ. Káàdì òde òní kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ pinnu gígùn rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má da orin bò ó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹyẹ tó ké lẹ́yìn fírémù ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé ilẹ̀ náà ṣì ń lọ. Ẹ wọ ìbòrí onírun fún máìkì, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí kámẹ́rà.

Tí ẹ bá fẹ́ fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ pa motion smoothing (tó ń fi fírémù àtọwọ́dá kún àwòrán) àti ètò tó ń yí ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, kí òjìji tí ẹ dáàbò bò má bàa tún sọnù síbẹ̀.