Kí Ẹ Tó Fowó Ra Ìgò Antioxidant: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ní Òṣogbo lónìí, ó ṣòro kí èèyàn rìn láti oríta Ọláìyá dé Ọjà Ọba kí ó má gbọ́ nípa oògùn tó ń sọ àgbà di ọ̀dọ́. Àwọn kan gbé gbohùngbohùn sórí mọ́tò, àwọn kan gbé báàgì wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, àwọn tó kù wà lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ wọn kì í yàtọ̀ síra: ó ń fọ sẹ́ẹ̀lì, ó ń fún sẹ́ẹ̀lì lágbára, ó ń lé ogbó sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ irọ́ pátápátá ni, ìbá rọrùn láti kọ etí ikún sí i. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ yẹn ni wọ́n sì fi ń ta èyí tó kù.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní mitochondria. Ibẹ̀ ni oúnjẹ tí a jẹ àti afẹ́fẹ́ tí a mí sínú ti ń di agbára. Bí èéfín ṣe máa ń jáde níbi tí wọ́n bá ti ń dáná, bẹ́ẹ̀ ni àwọn nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní free radical ṣe máa ń jáde níbi iṣẹ́ yìí, wọ́n sì lè ṣe sẹ́ẹ̀lì léṣe. Antioxidant ló ń kápá wọn. Ara fúnra rẹ̀ ń ṣe àwọn antioxidant kan, bíi glutathione àti coenzyme Q10. A ń rí òmíràn nínú oúnjẹ, bíi fítámì C àti fítámì E. Lọ́dún 1956, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Denham Harman, kọ ọ́ pé ìpalára free radical tó ń kóra jọ lọ́dọọdún ló ń mú ara gbó. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn tó ń ta ìgò dúró lé títí dòní, bí ẹni pé kò sí ìwádìí kankan lẹ́yìn rẹ̀.

“Fítámì lásán ni, kò lè pani lára”

Àṣìṣe yìí ni mo kà sí baba àwọn yòókù, nítorí náà n kò ní sáré kọjá lórí rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Finland, wọ́n kó ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní beta-carotene (antioxidant kan tí ara ń sọ di fítámì A) 20 mg lójoojúmọ́, àwọn kan gba fítámì E, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn tó kù gba hóró tí kò ní oògùn nínú. Ìrètí wọn ni pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró yóò dínkù. Èsì jáde ní 1994, òdì kejì ni wọ́n bá: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lo beta-carotene. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, CARET ni wọ́n pè é. Wọ́n dá a dúró ní 1996 kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí ohun kan náà ni ojú wọn ń rí.

Ẹ gbọ́ ti próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Ọkùnrin tó lé ní 35,000 ni wọ́n kó jọ sínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní SELECT, láti mọ̀ bóyá fítámì E 400 IU (IU jẹ́ òṣùwọ̀n kan fún fítámì) àti èròjà kan tó ń jẹ́ selenium lè dènà jẹjẹrẹ próstéètì. Nígbà tó di 2011, wọ́n kéde pé jẹjẹrẹ náà fi ìdá 17 nínú 100 pọ̀ sí i lára àwọn tó lo fítámì E nìkan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mẹ́nu ba èyí. Àwọn bàbá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ìtọ̀ ń jí lóru lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, ni wọ́n sábà máa ń gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ tọ̀ wá. Àyẹ̀wò próstéètì ló yẹ kí wọ́n darí wọn sí.

Ara kò fẹ́ kí gbogbo free radical tán pátá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ń fi wọ́n pa kòkòrò àrùn. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ tún ń lò wọ́n láti mọ̀ pé ó yẹ kí òun túbọ̀ lágbára. Ní 2009, ìwádìí kan jáde láti Jámánì lórí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe eré ìdárayá. Àwọn tí kò lo nǹkan kan, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lo insulin, ohun tó ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, dáadáa sí i. Àwọn tó ń gbé fítámì C 1,000 mg àti fítámì E 400 IU mì lójoojúmọ́ kò rí àǹfààní yẹn. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ń jí rìn yípo pápá láàárọ̀ kí ṣúgà má baà mú un, tó tún ń fi oògùn olówó ńlá pa èrè ìrìn náà.

Fífi oògùn agbára wo àárẹ̀ tí a kò mọ ìdí rẹ̀

Èyí ni mo máa ń rí jù láàárín àwọn ìyá ọlọ́jà. Ó ti ń rẹ̀ wọ́n láti oṣù mélòó kan, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ló dé, ẹnì kan ní kí wọ́n ra ìgò tó ń gbé agbára sẹ́ẹ̀lì sókè. Àárẹ̀ kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀ nítorí nǹkan oṣù tó ń pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà tí ẹni náà kò mọ̀ pé òun ní. Ọkàn lè má fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́ mọ́. Ó sì lè jẹ́ àìsùn: ẹni tó ń dé láti ọjà Ayégbajú ní alẹ́, tó tún ń jí ní agogo mẹ́rin láti dáná, oorun ló nílò.

Ọ̀kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Metformin tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń lò lè dín fítámì B12 kù lára bí wọ́n bá ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àìtó B12 ń mú àárẹ̀ wá, ó ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rinni bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Kò sí antioxidant tó lè tún ìyẹn ṣe. Dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì fi B12 gan-an dí àlàfo náà.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò PCV (tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára), ṣúgà àti ìfúnpá ná. Ẹ lè béèrè fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Iwájú ìgò nìkan ni wọ́n ń kà

Iwájú ìgò ni ti olùtajà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ti ẹni tó fẹ́ gbé e mì. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ sí. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ “proprietary blend”, ó túmọ̀ sí pé wọ́n da nǹkan mélòó kan pọ̀ láì sọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tó wọ́n lè má ju ìfọwọ́kàn lọ. Èmi ò ní fi owó mi ra á.

Coenzyme Q10, tí wọ́n ń pè ní CoQ10, yẹ kí n dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ agbára sẹ́ẹ̀lì polówó jù. Ọkàn màlúù ni Frederick Crane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i ní yunifásítì Wisconsin ní 1957. Ó ń ṣiṣẹ́ gidi nínú mitochondria, ara wa ló ń ṣe é, ó sì máa ń dínkù bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ. Àwọn oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bíi atorvastatin àti rosuvastatin náà ń dín in kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí Q-SYMBIO, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2014, fún àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ ní 300 mg lójúmọ́ mọ́ oògùn tí dókítà ti kọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ikú dínkù láàárín wọn. Ṣùgbọ́n aláìsàn ọkàn ni wọ́n, 420 péré ni wọ́n, kò sì túmọ̀ sí pé yóò fi ọdún kún ọdún ẹni tí ara rẹ̀ le. Bí ẹ bá ní ìdí láti lò ó, inú ọ̀rá ló ti ń yọ́, nítorí náà pẹ̀lú oúnjẹ tó ní epo ni kí ẹ gbé e mì. Ẹni tó ń fi omi lásán gbé e mì láàárọ̀ láì tíì jẹun, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni yóò bá ìgbẹ́ jáde.

Àìka ẹ̀yìn ìgò náà ló ń jẹ́ kí èèyàn lo ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láì mọ̀. Multivitamin ní fítámì A àti selenium, oògùn irun àti èékánná ní i, èyí tí wọ́n rà fún ojú náà ní i. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ Amẹ́ríkà ní kí àgbàlagbà má kọjá lójúmọ́ ni 2,000 mg fún fítámì C, 1,000 mg fún fítámì E, 400 microgram fún selenium, àti 10,000 IU fún fítámì A tó jẹ́ retinol. Kí aboyún má fi ti fítámì A yìí ṣeré rárá, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ lè ba ọmọ inú jẹ́.

Ìgò mọ́ oògùn ọsibítù

Ọ̀pọ̀ ló ń fi sọ́pílímẹ́ǹtì, ìyẹn irú àwọn ìgò yìí, pamọ́ fún dókítà, wọ́n ní yóò bú wọn. Ẹ jẹ́ kó bú yín. Ẹni tó ń lo warfarin nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dì, fítámì E púpọ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára rẹ̀. CoQ10 ní tirẹ̀ lè dín agbára warfarin kù, kí ẹ̀jẹ̀ náà sì tún dì. Ẹni tí wọ́n ń tọ́jú fún jẹjẹrẹ kò gbọdọ̀ kan antioxidant oníwọ̀n ńlá láì jẹ́ pé dókítà jẹjẹrẹ rẹ̀ gbà á láyè, torí òmíràn nínú ìtọ́jú yẹn, free radical gan-an ló fi ń pa sẹ́ẹ̀lì búburú. Àwọn tó ń wọn ṣúgà nílé, ẹ mọ̀ pé fítámì C púpọ̀ lè jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ ìwọnṣúgà kan fi iye tí kò rí bẹ́ẹ̀ hàn.

Èyí tó burú jù ni dírípù glutathione àti fítámì C tí wọ́n ń fà sí iṣan ní àwọn ilé ìṣaralóge kan, tí wọ́n ní ó ń fọ ara mọ́, ó sì ń mú àwọ̀ pọ́n. Àìtó G6PD (ohun tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀), àbùdá tí a ń bí mọ́ èèyàn, pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọkùnrin. Bí ẹni tó ní i bá gba fítámì C púpọ̀ sójú iṣan, sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ìtọ̀ rẹ̀ yóò dúdú, yóò sì dèrò ọsibítù. Ẹni tó ń ṣe ojú àti èékánná kọ́ ló yẹ kó kan iṣan yín.

Nọ́ńbà NAFDAC

Àwa èèyàn fẹ́ràn nọ́ńbà yìí, ó sì dára kí ó wà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀, kò sọ pé ó ń dá ogbó dúró. Lára ọ̀pọ̀ ìgò egbòogi, ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín kan tó sọ pé NAFDAC kò tíì ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe. Ìlà yẹn ni olùtajà kì í kà jáde nínú gbohùngbohùn. Wọ́n sì lè kọ nọ́ńbà ọlọ́jà mìíràn sára ìgò. Ẹ wò ó nínú Greenbook, àkójọ tí NAFDAC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ rí i bóyá orúkọ àti nọ́ńbà bá ara wọn mu. Èyí tó ti wà nínú oòrùn lórí tábìlì láti àárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ẹ fi í sílẹ̀. Ooru ń ba fítámì C àti kápúsù olóròóró jẹ́.

Àti ìgò kan tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹdíjẹdí, fibroid àti ojú: ẹ rìn kọjá.

Pípa oúnjẹ tì

Mo ti rí ẹni tó ń ra beta-carotene òyìnbó, tó sì ń gbé epo pupa sórí iná títí tí yóò fi funfun kó tó din ata sí i. Àwọ̀ pupa yẹn gan-an ni carotene. Fítámì E wà nínú epo náà pẹ̀lú. Ẹ fi iná díẹ̀ sè é, kí àwọ̀ rẹ̀ kù. Tòmátì tí a fi epo sè ń fún ara ní lycopene, antioxidant inú tòmátì, ju tútù lọ. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n fún, tí wọ́n tún fún, fítámì C rẹ̀ ti bá omi lọ. Ẹ gé e nígbà tí ọbẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, kí ẹ dà á sí i. Ọsàn, kaṣú àti àgbálùmọ̀ wà lọ́jà lásìkò wọn. Zóbò dára, ṣúgà tí wọ́n ń rọ́ sínú rẹ̀ ni kò dára. Kì í ṣe irú oúnjẹ wọ̀nyí ni ìwádìí Finland dán wò, hóró ni wọ́n ń gbé mì níbẹ̀.

Bí dókítà tàbí apòògùn bá ní kí ẹ lo ọ̀kan lóòótọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe mẹ́ta papọ̀, kí ẹ lè mọ èyí tó ń ṣe inú yín bí inú bá yọ yín lẹ́nu. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ẹ kò rí ìyàtọ̀, ẹ padà lọ bi í bóyá kí ẹ dá a dúró. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, títí kan ti eyín, ẹ gbé gbogbo ìgò náà lọ́wọ́ kí dókítà rí wọn kí ọjọ́ abẹ tó pé. Ó lè ní kí ẹ dáwọ́ fítámì E dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí ẹ̀jẹ̀.