Sípésà táyà àti bíárìn: ẹ̀yìn ríìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

"Ṣé sípésà yìí ò ní jẹ bíárìn mi báyìí?" Sípésà ni irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín ríìmù àti họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí wọ́n ń de ríìmù mọ́, kí táyà lè yọ síta; bíárìn ni òrùka oníbọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ kí họ́ọ̀bù yí. Ẹ̀yìn ríìmù ni ìdáhùn wà. Ẹ wá ibi tí wọ́n fín ET sí. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni iye mìlímítà tó wà láàárín ojú tí ríìmù fi ń kan họ́ọ̀bù àti àárín gbùngbùn fífẹ̀ ríìmù náà. Ẹ yọ ìnípọn sípésà kúrò nínú ET. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni ET tuntun: bó bá ṣe kéré sí ni táyà ṣe ń yọ síta sí.

Ká ní ET50 ló bá mọ́tò yín wá. Tí ẹ bá ra ríìmù ET55, tí ẹ fi sípésà mìlímítà 5 sí i, 50 náà lẹ padà sí, bíárìn ò tiẹ̀ ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ríìmù ET35 tí wọ́n tún fi sípésà 20 tì síta ti di ET15: mìlímítà 35 ni táyà fi yọ síta ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyẹn gan-an ló ń pa bíárìn.

Ìlà bọ́ọ̀lù méjì ló wà nínú bíárìn iwájú, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń pín ẹrù. Bí táyà bá ti ń sún síta, ìlà ti ìta ni ẹrù ń rọ́ lé. Ẹ fọwọ́ kan gbé korobá omi mọ́ itan, kí ẹ wá na apá náà síta. Omi ò pọ̀ sí i, èjìká ló ń ké. Bí ẹsẹ̀ iwájú kan bá gbé kílò 400, sípésà mìlímítà 25 dà bí ìgbà tẹ́ ẹ gbé kílò 10 kọ́ ẹnu ọ̀pá tó gùn ní mítà kan, kí ẹ tó já sí kòtò rárá. Ẹrù bọ́ọ̀lù kì í sì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré: bó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé sí i, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọjọ́ ayé bíárìn ti lọ.

Tó bá jẹ́ Camry 2002 sí 2006, ìyẹn Big Daddy, sítọ́ọ̀dù (irin tí nọ́ọ̀tì táyà ń wọ̀) márùn-ún ló ní, 5x114.3 (márùn-ún lórí òbìrí tó fẹ̀ ní mìlímítà 114.3), M12x1.5 (sítọ́ọ̀dù nípọn ní mìlímítà 12, nọ́ọ̀tì sì ń wọlé ní mìlímítà 1.5 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí), ihò àárín sì jẹ́ mìlímítà 60.1. Kí ihò sípésà jẹ́ 60.1 gẹ́lẹ́. Tó bá fẹ̀ jù, sítọ́ọ̀dù nìkan ló máa gbé e dúró, táyà á máa gbọ̀n, bíárìn ló sì ń jẹ gbogbo ìgbọ̀n yẹn.

Ẹ gbé mọ́tò sókè, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù dànù. Ẹ má fi gíríìsì tàbí ọ̀dà síbẹ̀. Fún sípésà pẹlẹbẹ tí kò ní sítọ́ọ̀dù tirẹ̀, ẹ fọwọ́ de nọ́ọ̀tì, kí ẹ ka iye ìgbà tó yí: kó má dín sí 8, torí 8 yẹn ni mìlímítà 12. Bí kò bá pé, sítọ́ọ̀dù tó gùn lẹ máa rà. Fún èyí tó ní sítọ́ọ̀dù tirẹ̀, ẹ rí i pé sítọ́ọ̀dù ojúlówó ò yọ orí kọjá ojú sípésà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ríìmù ò ní jókòó dáadáa.

Ẹ fi sípánà tọ́ọ̀kì (èyí tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń de nọ́ọ̀tì) dè é ní 103 Nm, ẹ máa fo nọ́ọ̀tì kan kí ẹ tó dé èkejì. Kí fọkanáísà máa gun orí sípánà kì í ṣe òdiwọ̀n. Lẹ́yìn kìlómítà 80 sí 100, tó bá jẹ́ sípésà tó ní sítọ́ọ̀dù tirẹ̀, ẹ tú táyà, ẹ tún nọ́ọ̀tì inú tó de sípésà mọ́ họ́ọ̀bù dè; àwọn yẹn lẹnikẹ́ni kì í rí.

Bí ẹ bá gbọ́ ohùn tó ń kùn, tó ń ga bí eré ṣe ń ga, ẹ rọra yí sítẹ́rìn díẹ̀ sósì lójú ọ̀nà tó dá. Bí ariwo bá pọ̀ sí i, bíárìn ọ̀tún ni ẹ fura sí. Lórí jáàkì, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í wò bóyá ó ń yẹ̀. Ẹ tún gbé ìka lé sípíríìnì, kí ẹnìkejì máa yí táyà: bíárìn tó ti jẹ á máa họ yín níka bí iyanrìn.

Fún mọ́tò tó ń kó ẹrù gba ọ̀nà kòtò, àwa ò ní jẹ́ kí táyà yọ síta ju mìlímítà 10 lọ. Tó bá di pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ bíárìn, bíárìn iwájú Camry yìí jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọlé: òrùka ìta ni kí wọ́n tẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ ti inú, tàbí tí wọ́n fi òòlù lù ú, bọ́ọ̀lù á gún ojú òrùka, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láìpẹ́. Sípésà ni wọ́n á wá dá lẹ́bi.