Bí a ṣe lè dín ajá ìgboro kù ní àdúgbò wa ní Òṣogbo

Ẹni tó bá dé Ọjà-Ọba kí àwọn ọlọ́jà tó pàtẹ ni yóò mọ bí ajá tó ń sùn sábẹ́ àtẹ ṣe pọ̀ tó. Mo rí abo kan níbẹ̀ tó bímọ sábẹ́ pákó ẹlẹ́lùbọ́: ọmọ márùn-ún tí ojú wọn kò tíì là ń jìjàdù ọmú, ìgbànú tó ti gbó sì ṣì wà lọ́rùn ìyá wọn. Ilé kan ni ajá náà ti wá. Kì í ṣe pé kò gbọ́ fèrè ọdẹ. Kò sí ẹni tó fun ún. Nítorí náà, inú ilé wa ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí àkìtàn.

Ẹ kọ́kọ́ ka ajá àdúgbò yín ní ìdájí, kí ẹ sì kọ iye abo sọ́tọ̀. Oyún ajá kò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ, ọ̀pọ̀ abo sì máa ń wá akọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Èyí tó bá ń bí ọmọ 6 lẹ́ẹ̀kan yóò bí 12 láàárín ọdún kan, àwọn ọmọ náà á sì ti máa múra àtibí tiwọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ti abo tó bá ń wá akọ mọ́lé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3. Okùn nìkan kò tó, nítorí akọ yóò wá bá a nídìí igi tí ẹ so ó mọ́.

Ohun tó ń yanjú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni iṣẹ́ abẹ: kí dókítà ẹranko yọ ilé ọmọ abo, kí ó sì tẹ akọ lọ́dàá, láti nǹkan bí oṣù 6. Ẹ má ṣe pe ẹni tó ń tẹ òbúkọ lọ́dàá láìlo oògùn oorun. Bí owó kò bá ká gbogbo wọn, ẹ fi abo ṣáájú, nítorí akọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lè gun gbogbo abo tó wà ní Òkè-Baálẹ̀, ṣùgbọ́n abo tí a ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ kò lè lóyún mọ́. Kí àwọn ará àdúgbò dáwó jọ, kí wọ́n sì jọ dúnàá-dúrà pẹ̀lú dókítà. Dókítà ni yóò sọ ìgbà tí ajá kò gbọ́dọ̀ jẹun mọ́ ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó máa lá ojú egbò títí wọn yóò fi tú òwú rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá lónìí ṣì lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn tí kò mọ èyí ló máa ń ní dókítà jẹ owó àwọn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún àwọn ajá náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a gún ó kéré tán ajá 70 nínú 100, kí àrùn náà má lè máa ràn.

Ní ti àwọn ajá tí kò ní ilé, májèlé kò wúlò: ewúrẹ́ àti adìyẹ á jẹ nínú rẹ̀, ajá mìíràn á sì gba ipò èyí tó kú, níwọ̀n ìgbà tí ìfun àti egungun tí alápatà dà sílẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀. Ní Íńdíà, wọ́n ń mú wọn, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n ń gé etí wọn díẹ̀ fún àmì, wọ́n sì ń dá wọn padà síbi tí wọ́n ti mú wọn.

Ẹni tó ń fi àánú kó ajá jọ sínú ọgbà gbọ́dọ̀ mọ iye tí apá rẹ̀ ká. Kí ó ya ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, nítorí àrùn ń ràn kíákíá níbi tí ajá bá ti há. Kí ó tó fi ajá fún ẹnikẹ́ni, kí ó lọ wò bóyá géètì ẹni náà ń tì. Ẹni tó bá sì ní abo ni òun fẹ́, kí òun lè máa ta ọmọ rẹ̀, akọ tí a ti tẹ̀ lọ́dàá ni kí ó fún un.