Bí mo ṣe yan wákàtí tí mo fi ń ṣe fọ́rẹ́ẹ̀sì

Olùkọ́ ni mí ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé lọ́sàn-án, fọ́rẹ́ẹ̀sì ni mò ń ṣe: mo ń fi owó ilẹ̀ kan ra ti ilẹ̀ mìíràn lórí fóònù, kí n lè tà á bó bá gbówó lórí. Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí máa ń sọ ohun tí èèyàn máa rà, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ìgbà tó máa rà á. Lójú tèmi, ìgbà ló ṣe kókó jù. Mo wá jókòó, mo fi aago tiwa ṣètò gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan.

Ọjà yìí kò ní ìsọ̀ kan pàtó. Àwọn báńkì àti oníṣòwò ńlá ló ń bá ara wọn ná an, láti ìlú dé ìlú, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Tokyo ń ṣí ní aago kan òru wa. London ń ṣí ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lásìkò ooru wọn, aago mẹ́sàn-án lásìkò òtútù. New York ń tẹ̀ lé e ní aago kan ọ̀sán tàbí aago méjì. Àwọn ló ń sún aago síwá-sẹ́yìn, tiwa kì í yẹ̀. Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í sún un lọ́jọ́ kan náà: Amẹ́ríkà ń sún tiwọn síwájú ní Sọ́ńdè kejì oṣù Kẹta, àwọn Gẹ̀ẹ́sì á dúró di Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù náà. Láàárín ìgbà yẹn, New York á ti máa ṣí ní aago kan, London á ṣì wà ní mẹ́sàn-án. Irú kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹwàá. Mo fi bírò pupa sàmì sí àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn lórí kàlẹ́ńdà.

Lẹ́yìn èyí, mo ṣí àkáǹtì dẹ́mò, ìyẹn èyí tí kò ní owó gidi nínú, mo ń wo Euro pẹ̀lú dọ́là láìra nǹkan kan, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, lóru. Spread ni mò ń kọ sílẹ̀, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín iye tí wọ́n á fi tà á fún yín àti iye tí wọ́n á fi rà á lọ́wọ́ yín. Kẹ́ ẹ tó jèrè kọ́bọ̀, ìyẹn ti jáde lápò yín. Lọ́sàn-án, ó máa ń tín-ín-rín. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá alẹ́, nígbà tí New York bá ń palẹ̀ mọ́, ó máa ń fẹ̀ gan-an. Ó dà bíi gáréèjì Kútọ̀: bí ọkọ̀ bá ku ẹyọ kan lóru, iye tí dẹ́rẹ́bà bá pè lèrò máa san.

Wákàtí tí mo yàn ni ìgbà tí London àti New York jọ wà lẹ́nu iṣẹ́: aago kan sí márùn-ún lásìkò ooru, aago méjì sí mẹ́fà lásìkò òtútù. Nínú ìṣirò tí BIS, àjọ àwọn báńkì àpapọ̀ lágbàáyé, ṣe lóṣù Kẹrin 2022, ọjà yìí ń gbé tírílíọ̀nù dọ́là 7.5 lójúmọ́; ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kó nǹkan bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún, Amẹ́ríkà kó 19. Ibi tí èrò pọ̀ sí nìyẹn.

Olùkọ́ kan tí mo jù lọ́jọ́ orí bi mí pé, "Àǹtí, ṣé n ò lè máa ṣe é lóru, nígbà tí iná bá dé tí àwọn ọmọ ti sùn?" Mo ní kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí pọ́n-ùn ní 7 oṣù Kẹwàá 2016. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá aago méjìlá òru ní London, tó jẹ́ aago méjìlá tiwa náà, pọ́n-ùn já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ìròyìn BIS sọ pé àkókò tó bọ́ sí wà lára ohun tó fà á, torí àwọn oníṣòwò ò pọ̀ lẹ́nu ọjà. Ẹni tó sùn, tó ní pọ́n-ùn lọ́wọ́, kí ló fẹ́ ṣe? Bó bá jẹ́ Yen, owó ilẹ̀ Japan, ló ń ṣe, òru ṣì lè wúlò fún un, torí Tokyo wà lójúfò. Euro àti pọ́n-ùn, rárá o.

Nínú wákàtí dáadáa yẹn náà, ìṣẹ́jú burúkú wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù, Amẹ́ríkà ń gbé iye èèyàn tó ríṣẹ́ jáde ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán wa, tàbí méjì ààbọ̀. Iye á máa fò sókè sódò. Mi ò ní fọwọ́ kan fóònù títí ariwo yẹn á fi rọlẹ̀. Bákan náà ni alẹ́ tí báńkì àpapọ̀ wọn bá ń kéde èlé, ní aago méje tàbí mẹ́jọ.

Ní Jímọ̀, mo máa ń ti gbogbo rẹ̀ pa kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọjà ń kógbá wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó di alẹ́ Sọ́ńdè kó tó tún ṣí. Bí ọ̀rọ̀ ńlá kan bá ṣẹlẹ̀ láàárín, iye á kàn fo stop loss yín kọjá ni, ìyẹn àṣẹ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ pé kí wọ́n ti òwò náà pa bí àdánù bá dé iye kan. Lálẹ́ Ọjọ́rú ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ brókà, àwọn iléeṣẹ́ tí à ń gba ọwọ́ wọn ṣòwò yìí, ń gba èlé ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ lórí ohun tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí náà mo máa ń tà á kí New York tó palẹ̀ mọ́. Bó bá sì ti ku díẹ̀ kí Kérésìmesì pé, tí àwọn báńkì òkèèrè ti lọ ìsinmi, mi ò ní ṣí nǹkan kan mọ́ títí a ó fi padà sí ilé-ìwé lóṣù Kìíní.