Kẹ́ ẹ tó sanwó gìtá bàsì tòkunbọ̀: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ bàsì mẹ́rin

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan báyìí tí ọmọ kan nínú kwáyà wa tàbí ti ìjọ míì ò ní pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, bàsì wo ni kí n rà?" Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ má bi mí lórúkọ bàsì, ẹ bi mí léèrè ohun tójú mi rí. Mẹ́rin ni mo ti ní látìgbà tí mo ti ń ta á, ìkan jẹ́ jìbìtì pọ́nńbélé, ìkan ni mo fọwọ́ ara mi tà tí àbámọ̀ ẹ̀ ò tíì tán lára mi dòní, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń yẹ bàsì wò, ọwọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni mo ti kọ́ ọ. Torí náà màá sọ̀rọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tọ́rọ̀ bá ti kan àyẹ̀wò màá dúró kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa.

Àkọ́kọ́ nínú wọn, "Fender" tí kì í ṣe Fender, ilé iṣẹ́ gìtá Amẹ́ríkà tó lórúkọ yẹn. Mushin ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí mi ò ní dárúkọ, ó so ó kọ́ sókè ṣọ́ọ̀bù, pupa fòò, ó ń dán bíi mọ́tò ọkọ ìyàwó. Owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wà lápò mi, mi ò tiẹ̀ ní kí wọ́n fi sí amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ẹ̀ sókè, kí n gbọ́ ọ, mo rí Fender lórí ẹ̀, ó tán. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, òógùn ọwọ́ mi ti pa F yẹn rẹ́, ó ku "ender" nìkan, ni àwọn kwáyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe èmi gan-an ní Ender. Àwọn kan ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀ dòní. Orúkọ yẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ọrùn ẹ̀, ọrùn bàsì ló yẹ kó jẹ́ o, àmọ́ ó ti di ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Okùn jìnnà sí igi débi pé tí mo bá ta á fún ìdajì wákàtí, ìka mi á ti wú.

Bí wọ́n ṣe ń wo ọrùn nìyí. Ẹ gbé bàsì náà sójú bí ẹni fẹ́ yìnbọn, kí ìdí ẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín, kí orí ẹ̀ wà níwájú, ẹ di ojú kan, kẹ́ ẹ wá fi ojú kejì tọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà lọ títí dé orí. Ó yẹ kó fẹ́ẹ̀ gún tán ni, kó kàn tẹ̀ díẹ̀ ṣín-ún síwájú. Tó bá lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún, tí ẹ̀gbẹ́ kan ga ju ìkejì lọ, ẹ dá a padà sórí ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ má tiẹ̀ bá wọn nájà rárá, torí ọrùn tó bá ti lọ́ báyẹn, àtúnṣe ẹ̀ lè ju owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi rà á lọ.

Tójú bá ti gbà á, ẹ tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fret àkọ́kọ́ (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, orí ni wọ́n ti ń kà á), kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ okùn yẹn náà níbi tí ọrùn ti pàdé ara. Okùn yẹn ti di rúlà fún yín nìyẹn. Ẹ wá wo àárín, bíi fret keje tàbí ìkẹjọ, ṣé àyè wà láàárín okùn àti irin? Àyè tí recharge card lè gbà kọjá, ó dáa. Tí nǹkan tó nípọn ju ìyẹn dáadáa bá lè kọjá, ọrùn ti tẹ̀ jù, tí kò bá sì sí àyè rárá, ó ti gún jù, okùn á máa lu irin, á máa dún zìì. Irin kan wà nínú ọrùn tí wọ́n ń pè ní truss rod, òun la fi ń tọ́ ọ. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi kọ́kọ́rọ́ Allen yí i lójú yín. Tó bá yí i sọ́tùn-ún ọrùn á gún sí i, tó bá yí i sósì á tẹ̀ síwájú, ìdámẹ́rin ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan ni o, kì í ṣe bí ẹni ń dè nọ́ọ̀tì táyà. Tí ọ̀gá yẹn bá ní "ah, a kì í fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn", tàbí tí nọ́ọ̀tì ẹ̀ ń yí lásán tí kò mú nǹkan kan, owó yín ò gbọdọ̀ jáde. Nọ́ọ̀tì ti Ender tèmi ti jẹ tán, wọ́n wá fi gúlúù dí i pa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nígbà tí mo gbé e lọ fún ẹni tó máa tún un ṣe ni, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìdí tí wọ́n fi ń fi orúkọ Fender yẹn tan èèyàn. Leo Fender ló gbé Precision Bass jáde lọ́dún 1951 ní California. Ṣáájú ìyẹn, bàsì gàgàrà tó ga ju èèyàn lọ, tí wọ́n ń nàró ta, lonílé àtàlejò ń gbé kiri, àwọn ẹgbẹ́ háílàìfù tiwa náà lò ó dáadáa. Fret tó wà lọ́rùn Precision ló jẹ́ kí ohùn bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí gẹ́lẹ́, ibẹ̀ lorúkọ ẹ̀ ti wá. Nígbà tó di 1960 wọ́n gbé Jazz Bass jáde. Ọ̀pọ̀ bàsì tẹ́ ẹ̀ ń rí lónìí, àwòrán ọ̀kan nínú méjì yẹn ni wọ́n wò ṣe é, torí náà kó dà bíi Fender ò ní kó má jẹ́ páńda.

Ìkejì, Yamaha RBX dúdú olókùn mẹ́rin, ẹnì kan tó fẹ́ japa lọ Canada ló tà á fún mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn mi, ẹni tó fẹ́ japa ló dáa jù láti ra irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ń lò ó, ó mọ ibi tó ń dùn ún, fílàìtì ẹ̀ sì ti sún mọ́lé. Bàsì yẹn ò lẹ́wà kankan, àpá kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó rí bíi nọ́mbà 7, mi ò mọ ohun tó fi gbá. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi lò ó, mo gbé e gun ọ̀kadà nínú òjò, mo fi ṣe ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú, àìsùn, kò já mi kulẹ̀ rí.

Ara ẹ̀ ni mo ti kọ́ pé gbogbo fret lèèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó sanwó. Mo ní gbogbo ẹ̀ o, okùn mẹ́rin, fret 20 ó kéré tán, 80 ohùn nìyẹn, ẹ fara balẹ̀ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan dún títí táá fi kú fúnra ẹ̀. Tí ìkan bá kú kíá ju àwọn ará ẹ̀ lọ, pàápàá lórí okùn G, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, níwọ̀n fret karùn-ún sí ìkeje, ẹ má jáyà, ibẹ̀ sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára bàsì tó dáa pàápàá. Àmọ́ tí fret mẹ́rin-márùn-ún bá ń dún bí agolo, àwọn irin yẹn ti jẹ nìyẹn, ẹ wò wọ́n dáadáa, ẹ máa rí kòtò lábẹ́ okùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbé tuner, app tó ń wọn ohùn, jáde lórí fóònù. Ẹ rọra fi ìka kan okùn lókè fret kejìlá láìtẹ̀ ẹ́ kó dún bí aago, ẹ wò ó, kẹ́ ẹ wá tẹ fret kejìlá yẹn gangan, ẹ tún wò ó. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Tí èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ bá ga jù, okùn ti kúrú jù, ẹ fa irin kékeré tó gbé okùn dúró ní ìdí sẹ́yìn, tó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ tì í síwájú. Síkúrúdíráífà lásán lẹ máa fi ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rí bàsì tí ohun gbogbo ẹ̀ dáa tó sì jẹ́ èyí nìkan ló ṣe é, ẹ ṣojú fúrú, ẹ fi gé owó ẹ̀.

Ìgbà Yamaha yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í se okùn. Okùn bàsì wọ́n, gbogbo wa la mọ̀, tó bá sì ti pẹ́ lára bàsì, òógùn àti ìdọ̀tí á dí i, á máa dún gbọ̀ gbọ̀ gbọ̀. Ẹ tú u, ẹ ká a, ẹ sè é nínú omi tó ń hó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ nù ún gbẹ pátápátá kẹ́ ẹ tó dá a padà. Kò ní pẹ́ títí bí okùn tuntun, àmọ́ ó máa gbé yín dé Sunday méjì-mẹ́ta. Ẹ ṣáà ní ìkòkò tiyín o, torí ìyá mi ṣí ìkòkò lálẹ́ ọjọ́ kan, ó rò pé spaghetti ni.

Ìkẹta ni Squier Jazz Bass, funfun tó ti ń pọ́n bí eyín ẹni tó ń jobì. Fender fúnra ẹ̀ ló ni Squier, láti 1982 ni wọ́n ti ń fi orúkọ yẹn sórí gìtá tówó ẹ̀ kéré sí ti Fender gangan. Ọrùn ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lápá òkè, 1.5 inch níbi nut, ibi tí okùn ti kúrò ní orí bọ́ sí ọrùn, ẹni tí ìka ẹ̀ kúrú bíi tèmi á gbádùn ẹ̀ ju Precision lọ. Ibi tá a ti ń ṣe rehearsal nígbà yẹn, I-better-pass-my-neighbour la fi ń tanná, tí mo bá ti fi bàsì yẹn sí amp báyìí, hùùù, bí oyin. Mo bú jẹnẹrétọ̀ yẹn títí. Àṣé pickup méjì, àwọn ohun tó ń gbọ́ okùn lábẹ́ ẹ̀, ló wà lára Jazz Bass, ìkọ̀ọ̀kan wọn máa ń gba ariwo iná, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí volume méjèèjì dé òpin, ariwo ìkan á pa ti ìkejì. Èmi, ìkan ni mo máa ń ṣí. Oṣù bíi mẹ́fà!

Torí náà tẹ́ ẹ bá ń ra irú ẹ̀, ẹ fi sí amp, ẹ yí àwọn bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń ṣí volume àtàwọn ará ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀. Tó bá ń dún kára-kàrà, eruku ni, contact cleaner, oògùn tí wọ́n ń fín sí nǹkan iná, á wò ó sàn. Ẹ wá fọwọ́ kan okùn. Ó yẹ kí ariwo yẹn lọ sílẹ̀, tí kò bá lọ sílẹ̀, wáyà tó lọ sábẹ́ bridge, irin tó gbé okùn dúró ní ìdí, ti já, ẹni tó ń fi iná jó wáyà fún rédíò á ṣe é fún yín lówó kékeré. Àmọ́ o, tẹ́ ẹ bá di okùn mú tí ẹnu yín kan máíkì tí iná gbé yín lẹ́nu, kì í ṣe bàsì ló ṣẹ̀, earth ibẹ̀ ni kò dáa. Ẹ gbé bàsì sílẹ̀, ẹ má ta á mọ́ títí oníná á fi tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì dànù torí kó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n ń gé yẹn.

Ìkẹrin, tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, Ibanez SR olókùn márùn-ún. Àwọn tó ń tẹ keyboard ló jẹ́ kí n rà á. Akọrin á gbé orin ní D, onítọ̀hún á tẹ transpose, bọ́tìnnì tó ń gbé gbogbo ohùn lọ sí kọ́ọ̀dù míì, ọ̀rọ̀ ti tán fún un, èmi tí okùn mi ìsàlẹ̀ parí sí E ni màá máa fò lọ sókè bí ẹni tí iná jó. Okùn karùn-ún, B, ń lọ sí bíi 31 Hz (ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), E jẹ́ 41. Tẹ́ ẹ bá ń yẹ olókùn márùn-ún wò, B yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ta, ẹ ta á dáadáa. Tó bá ń mì bí okùn tí wọ́n fi so ewúrẹ́, tẹ́ ò gbọ́ ohùn kan gidi, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì fi sípíkà kékeré dá a lẹ́jọ́, sípíkà kékeré ò lè gbé 31 Hz, irọ́ ló máa pa fún yín.

SR tèmi yìí active ni, ìyẹn ni pé iná bátìrì ló ń gbé ohùn ẹ̀, bátìrì 9V ló wà níkùn ẹ̀. Ní Sunday ìdúpẹ́ kan, ìjó ń lọ, aṣọ àǹkárá ń fẹ́, bàsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í há bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn, ó sì dákẹ́ pátápátá. Pásítọ̀ wo ẹ̀yìn. Àṣé tí jack bá ti wà lára ẹ̀ bátìrì ń jó nìyẹn, ẹ ta á o, ẹ ò ta á o, mo sì ti fi jack sílẹ̀ lára ẹ̀ láti Thursday. Ẹ máa yọ ọ́. Ẹ fi bátìrì kan sínú báàgì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra active, ẹ bèèrè bóyá ó ní switch tí ẹ fi lè pa active yẹn, kó lè máa dún tí bátìrì bá kú. Tèmi ò ní.

Nǹkan méjì kù. Ẹ fi bẹ́líìtì ẹ̀ kọ́rùn kẹ́ ẹ dìde dúró, kẹ́ ẹ tú ọwọ́ òsì sílẹ̀. Tí orí ẹ̀ bá ń wọ́ lọ sílẹ̀, èjìká yín ló máa sanwó ẹ̀ láàjìn àìsùn. Ẹ sì fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Tí ọyẹ́ bá mú, igi máa ń sún kì, etí fret á yọ síta, á máa gé ọwọ́. Bàsì tó bá ti ń gé ọwọ́ ní July, ẹ fojú inú wò ó ní January.

Yamaha yẹn, owó ilé ló jẹ́ kí n tà á. Lọ́dún tó kọjá wọ́n pè mí lọ revival kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo rí bàsì dúdú kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin kékeré kan, nígbà tó yí ẹ̀yìn padà mo rí nọ́mbà 7. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tà á fún mi, mo ní màá san ìlọ́po méjì iye tí mo tà á. Ó ní "Ẹ má bínú sà, mi ò tà á." Mo ní kó gbé e wá kí n wo ọrùn ẹ̀, mo tẹ okùn, recharge card méjì lè wọ ibẹ̀. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ Allen nínú báàgì mi, mo yí i sọ́tùn-ún díẹ̀, mo dá a padà fún un.