Kẹ́míkà Tí Kì Í Yòrò Nínú Omi: Báwo La Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Ó Ń Pa Àwọn Ẹ̀dá Kéékèèké Inú Omi?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé tí kẹ́míkà kan ò bá ti lè yòrò nínú omi, kò lè ṣe omi náà ní nǹkan kan, tá a bá ti rí i tó léfòó tàbí tó rì sísàlẹ̀, a ó ní ó tán nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ wo cypermethrin tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn kòkòrò tí à ń fọ́n sóko àti sínú ilé, èyí tó lè yòrò nínú lítà omi kan ò ju nǹkan bíi 0.004 mílígíráàmù lọ, ojú ò lè rí i, imú ò lè gbóòórùn ẹ̀, síbẹ̀ èyí tó kéré sí ìyẹn pàápàá ti tó láti dá ìdajì àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Daphnia inú omi náà dúró gbagidi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ́n oògùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń da ọ́ìlì mọ́tò sínú gọ́tà, ẹ̀yin la kọ èyí fún, kẹ́ ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ wò àti ohun tí èsì wọn ń sọ.

Daphnia yìí, ẹ̀dá tíntìntín ni, èyí tó tóbi jù ò ju nǹkan bíi mílímítà 5 lọ, ìdílé edé ló wà, ńṣe ló máa ń tọ kiri nínú omi tí á máa sẹ́ àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé inú omi jẹ. Ọmọ ẹja ń jẹ òun náà. Tó bá kú tán, ọmọ ẹja ò ní rí nǹkan jẹ, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di aláwọ̀ ewé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ìlànà OECD, ìyẹn àjọ kan táwọn orílẹ̀-èdè para pọ̀ dá sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 202 ni ọ̀pọ̀ láàbù ń tẹ̀ lé. Wọ́n á mú Daphnia tí kò tíì pé wákàtí 24 láyé, ó kéré tán 20 fún ìwọ̀n kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yẹn á tó márùn-ún, wọn ò ní fún wọn lóúnjẹ, wọ́n á fi wọ́n síbẹ̀ fún wákàtí 48. Tí wọ́n bá rọra mi ife tí Daphnia ò lúwẹ̀ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tó ti dákú, bó tiẹ̀ ṣì ń mi ìwo orí ẹ̀. Ife míì á wà tó jẹ́ omi lásán, tí èyí tó ju ìdá 10 nínú 100 bá dákú nínú ìyẹn, iṣẹ́ ọ̀hún ò yẹ nìyẹn, kí wọ́n tún un ṣe. Ìwọ̀n tó dá ìdajì wọn dúró ni wọ́n ń pè ní EC50, bó bá ṣe kéré tó ni kẹ́míkà náà ṣe burú tó, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kà á sódì.

Ibi tí wàhálà wà

Nǹkan tó ń yòrò bí iyọ̀ ò ní ìṣòro, ohun tí wọ́n wọ̀n sómi náà ló wà níbẹ̀. Èyí tí kì í yòrò ńkọ́? Wọ́n lè da mílígíráàmù 100 sínú lítà kan kó jẹ́ pé bíńtín ló wọnú omi, òmíì lẹ̀ mọ́ ara ife, òmíì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀, òmíì fẹ́ lọ sáfẹ́fẹ́, Daphnia tiẹ̀ gbé òmíì mì torí gbogbo ohun tó bá ti kọjá níwájú ẹ̀ ló ń sẹ́ jẹ. Tẹ́ni tó ń ṣe é bá wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé mílígíráàmù 100 ò pa á, irọ́ ni, ó lè máà mọ̀ọ́mọ̀ pa á, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Àfi kó wọn ohun tó wà nínú omi gan-an, níbẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá fẹ́ parí. Tí ìyẹn bá fi ju ìdá 20 nínú 100 yàtọ̀ sóhun tó dà sí i, èyí tó wọ̀n ni kó lò. Èmi ò ní ka èsì irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ sí rárá tí wọn ò bá wọ̀n ọ́n.

Àwọn kan máa ń fi ásítóònù, ìyẹn nǹkan olómi kan tó ń tú kẹ́míkà, tú u kó lè tètè wọnú omi. Ó dáa náà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju 0.1 mílílítà lọ nínú lítà kan, ife tó ní ásítóònù nìkan sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun kọ́ ló ń pa wọ́n. Èyí tó wù mí jù ni kí wọ́n rẹ rọ́bà sílíkónì sínú kẹ́míkà náà kí wọ́n wá kì í sínú omi, bí Daphnia àti ife bá ṣe ń fà á lọ, rọ́bà á máa tú òmíì sílẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀ ò ní já wálẹ̀.

Omi tánkì ìfọ́n yín tó máa ń funfun báláú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá da oògùn sí i, kò tíì yòrò o, ẹ̀kán òróró wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, nǹkan bí ọṣẹ tí wọ́n pò mọ́ oògùn náà ló gbé e dúró. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ ògidì kẹ́míkà wò lọ́tọ̀, tí wọ́n ń yẹ oògùn inú ike wò lọ́tọ̀, èsì méjèèjì lè má bára mu.

Ọ́ìlì mọ́tò àti dísẹ́ẹ̀lì tún le sí i, àdàlù ni wọ́n, ó ní èyí tó ń yòrò díẹ̀ nínú wọn, ó ní èyí tí kì í yòrò rárá. Wọ́n á wọn ọ́ìlì sórí omi, wọ́n á rò ó jẹ́jẹ́, wọ́n á jẹ́ kó tòrò, wọ́n á wá fa omi abẹ́ ẹ̀ jáde fún Daphnia. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ pò lọ́tọ̀, kì í ṣe kí wọ́n po èyí tó le kan kí wọ́n máa bomi là á. Ìdí tí wọ́n fi ń fa omi abẹ́ ni pé Daphnia tó bá lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì orí omi, wọn ò ní mọ̀ bóyá májèlé ló pa á àbí ńṣe ló há. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún láàbù. Ní adágún yín, èyí tó há náà kú ni jàre.

Wákàtí 48 tún kéré fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, torí inú ọ̀rá ara ni wọ́n ń kó jọ sí díẹ̀díẹ̀. Ìlànà 211 máa ń gba ọjọ́ 21, ọmọ tí Daphnia bá bí ni wọ́n ń kà, nínú omi lásán wọ́n gbọ́dọ̀ rí tó ọmọ 60 fún ìyá kọ̀ọ̀kan tá a bá pín in dọ́gba. Tí ìyá ò bá kú ṣùgbọ́n tọ́mọ dín, kẹ́míkà ti ṣiṣẹ́. Èyí tó bá rì sínú ẹrẹ̀, ìdin pupa inú ẹrẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Chironomus ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Lára ike oògùn

Ẹ wá àwòrán ẹja tó kú pẹ̀lú igi gbígbẹ. Tẹ́ ẹ bá rí i pẹ̀lú H400, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn nọ́ńbà ìkìlọ̀ tí wọ́n ń kọ sára ike, ohun tó ń sọ ni pé mílígíráàmù 1 nínú lítà kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ti tó láti pa nǹkan inú omi. Àmọ́ ẹ fojú sí H413 dáadáa, wọn kì í ya àwòrán kankan mọ́ ọn. Wọ́n ń fún àwọn kẹ́míkà tí kì í yòrò ní H413 nígbà tí wọn ò rí i kó pa nǹkan láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n tí kì í tètè jẹrà, tó sì ń wọ ọ̀rá ara, nítorí náà bí ò ṣe sí àwòrán lára ike ò ní kẹ́ ẹ lọ ṣan án sínú odò.

Tí nǹkan bá dà sómi yín

Ẹ má fi ẹja kan dán omi wò kẹ́ ẹ ní kò kú. Oògùn kòkòrò, kòkòrò ni wọ́n ṣe é fún, Daphnia sì sún mọ́ kòkòrò ju ẹja lọ, ó lè ti tán nínú omi kí ẹja tó ṣe bí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ìgò gíláàsì ni kẹ́ ẹ fi bu omi lọ sí láàbù, ẹ má lo ike, torí ike ń fa irú kẹ́míkà yìí mọ́ra, omi tó máa débẹ̀ á ti mọ́ ju ti adágún lọ. Ẹ má fi omi náà ṣan ìgò kẹ́ ẹ tó bù ú, òun náà á lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ẹ bù ú kún dẹ́nu, ẹ dé e pa, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i, ẹ gbé e síbi tó tutù tó ṣókùnkùn. Ẹ bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ náà sínú ìgò míì, kẹ́ ẹ sì mú orúkọ tó wà lára ike oògùn dání, kí láàbù lè mọ ohun tí wọ́n máa wá nínú ẹ̀.