Bí ẹ ṣe máa di ọ́fíìsì lábù ìwádìí mú tí nǹkan kan ò ní já bọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ádímìn ní lábù ìwádìí ìlera, mo kí yín o. Wọn ò ní ní kẹ́ ẹ fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni, wọn ò sì ní ní kẹ́ ẹ wo nǹkankan nínú máíkírósíkópù, àmọ́ bí ìwé kan ṣoṣo bá sọnù lọ́wọ́ yín, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi oṣù mẹ́fà kó jọ lè di ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lò mọ́. Ó ń lọ sí ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí n'Ìkòròdú níbí, lábù kékeré ni tiwa, fíríìsà mẹ́ta, sáyẹ́ńtíìsì mẹ́rin, èmi àti dírẹ́bà. Ohun tí mo fẹ́ kó wà lọ́kàn yín ṣáájú gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ni pé gbogbo ìlà tẹ́ ẹ bá kọ sínú ríjísítà, èèyàn kan ló wà nídìí ẹ̀, ẹnì kan tó wọ kéké láti Ìmọ̀tà tàbí Ìjẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ kùtù, tó pa ọjà tì, tó na apá fún yín torí pé ẹ sọ fún un pé ó máa wúlò.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má tíì sáré sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ bẹ ọ̀kan nínú àwọn sáyẹ́ńtíìsì kó mú yín yípo inú lábù, kẹ́ ẹ máa bi í pé kí nìyí, ibo la ti ń rà á, tó bá tán lónìí ọjọ́ mélòó ló máa gbà kí òmíràn tó dé. Ẹ há òtútù wọn sórí bí orúkọ ọmọ yín, lórí òṣùwọ̀n Celsius, fíríìjì jẹ́ 2 sí 8, fíríìsà kékeré mínọ́ọ̀sì 20, ńlá mínọ́ọ̀sì 80, tí lábù yín bá sì ń lo nitrogen olómi, mínọ́ọ̀sì 196 nìyẹn. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ há a sórí ni pé lọ́jọ́ kan páálí kan máa dé sí kàǹtá ní aago kan ọ̀sán, gbogbo wọn ti lọ jẹun, ẹ̀yin lẹ máa pinnu ibi tí wọ́n máa gbé e sí, tẹ́ ẹ bá sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì títí aago mẹ́ta, owó ńlá ti jóná nìyẹn.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Kò sí ìwádìí tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èèyàn láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí a ń fi ṣe ìwádìí, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní ethics, ti fọwọ́ sí i. NHREC l'Ábújá ni àgbà fún gbogbo irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sì ló wà lẹ́yìn wọn. Ìwé yẹn kì í ṣe títí láé, ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń fún yín, ọjọ́ tó bá parí ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dúró, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e o. Nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sára ògiri, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí fóònù, kẹ́ ẹ wá ka oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọjọ́ yẹn lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọ̀gá kiri fún ìjábọ̀ ọdún, torí ọ̀gá máa ní òun á ṣe é, ó sì fẹ́ ṣe é lóòótọ́, àmọ́ ó ní ìpàdé l'Ábújá, ó ní ọmọ ilé-ìwé méjì tó fẹ́ parí, ẹ̀yin lẹ máa kọ èyí tó ṣeé kọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e síwájú ẹ̀ kó wulẹ̀ tún un ṣe.

Níbi fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́, wọ́n á wá gbé e fún ádímìn pé jọ̀ọ́ bá wa yí i sí Yorùbá kíákíá. Èmi náà ti yí i kíákíá rí. Mo kọ ọ́ pé "a máa gba àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ yín," mo rò pé ó ti tán. Ìyá kan jókòó síwájú nọ́ọ̀sì wa, nọ́ọ̀sì ń kà á fún wọn, màmá gbé ọwọ́ sókè wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ dúró ná. Àpẹẹrẹ kí ni? Ṣé ẹ ò ní fa ẹ̀jẹ̀ gan-an ni?" Nọ́ọ̀sì ní, "Rárá mà, a máa fà á mà." Màmá ní, "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí n mọ̀ ọ́n." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń kọ ọ́ pé "a máa fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá yín, ìwọ̀n síbí tíì kan," torí mìlílítà márùn-ún ni síbí tíì kan, gbogbo ilé ló ní síbí, kò sẹ́ni tó mọ mìlílítà. Bákan náà ni mi ò kọ pé "ẹ ní ẹ̀tọ́ láti yọ ara yín kúrò" mọ́, ó dà bí ẹni ń yọ eyín, mo ń kọ pé "ìgbàkígbà tó bá wù yín, ẹ lè ní ẹ ò ṣe mọ́, ìtọ́jú yín níbí ò sì ní yí padà." Ẹ mọ irú ìtàn táwọn èèyàn ti gbọ́ nípa àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ti àìmọ̀wé, ọ̀rọ̀ tó bá ṣe kedere ló ń lé ẹ̀rù lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sókè fún ẹnì kan tí kò sí ní lábù, ìyá tó ń ta oúnjẹ ní géètì dáa jù, ibi tí wọ́n bá ti sọ pé "kí lẹ sọ?" ibẹ̀ lẹ máa tún kọ. Àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tẹ́ ẹ tún kọ o, ó gbọ́dọ̀ padà lọ bá ethics, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ tuntun fún un.

Òǹtẹ̀ yẹn náà ní wàhálà tiẹ̀. Tí fọ́ọ̀mù tuntun bá dé, ẹ lọ kó ti àtijọ́ kúrò níbi gbogbo, inú dúrọ́ọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, inú mọ́tò. A gbàgbé ìdì kan sí kíl​íníìkì kan nígbà kan, èèyàn mọ́kànlá buwọ́ lu èyí tí àṣẹ ẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. A kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ fúnra wa, a ò fi pamọ́, wọ́n ní ká wá àwọn mọ́kànlá náà rí, ká ṣàlàyé fún wọn lákọ̀tun, èmi àti dírẹ́bà la jọ rìn ín láti Agric dé Ìmọ̀tà. Mẹ́sàn-án la rí. Ẹ̀jẹ̀ àwọn méjì tó kù, a ò lò ó.

Ọ̀rọ̀ ríra nǹkan wá. Nọ́ńbà kátálọ́ọ̀gù, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà fún ọjà kọ̀ọ̀kan, ni ẹ̀mí iṣẹ́ yẹn, ẹ má gba "ra èyí tá a rà níjelòó" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, iye tó wà nínú páálí kan, àti irú òtútù tó fẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ gba iye owó lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tí iye yẹn máa dúró dé, torí dọ́là kì í dúró de ẹnikẹ́ni, iye tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ Ajé lè má jẹ́ iye kan náà lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ bi wọ́n bóyá owó orí ọjà, VAT 7.5, wà nínú ẹ̀ tàbí kò sí, nǹkan kékeré ni àmọ́ ó máa ń da bọ́jẹ́ẹ̀tì rú. Àwọn kẹ́míkà kan wà tí NAFDAC gbọ́dọ̀ fún ní ìwé kí wọ́n tó wọlé, ẹ bi oníṣòwò kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹrù ti wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Tí nǹkan tó ń fẹ́ òtútù bá ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹ bẹ àwọn tó ń fi ránṣẹ́ pé kó má gbéra lọ́jọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Ẹtì, torí ó máa bá òpin ọ̀sẹ̀ pàdé ní wíáháòsì n'Íkẹjà, kò sẹ́ni tó máa bá yín bu yìnyín sí i lọ́jọ́ Àìkú. Tó bá wá dé ọ́fíìsì yín, ẹ ṣí i lójú ẹni tó gbé e wá kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ wo bóyá yìnyín ṣì wà, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ nọ́ńbà lọ́ọ̀tì, ìyẹn nọ́ńbà àwọn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ sínú ríjísítà. Nọ́ńbà lọ́ọ̀tì yẹn, lọ́dún tó ń bọ̀ tí èsì bá ṣe ségesège, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.

Fífi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ jáde ló le jù fún mi níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tá à ń fi ránṣẹ́ wà ní ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní UN3373, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá irú ẹrù bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò mọ̀ lójú ọ̀nà. Ipele mẹ́ta lẹ máa dì í, ìgò kékeré tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú tí ìdérí ẹ̀ le, ohun tó lè fa omi mu yí i ká, ike kejì tí kò lè jò, páálí tó gbópọn níta pẹ̀lú àmì ojú mẹ́rin tó dúró lórí igun. Tẹ́ ẹ bá fi dry ice, yìnyín tí wọ́n fi carbon dioxide ṣe, sí i, ẹ lẹ àmì UN1845 mọ́ ọn, kẹ́ ẹ kọ iye kílò ẹ̀. Dry ice kì í yọ́ di omi o, afẹ́fẹ́ ló ń dà, ẹ má fi sínú ohun tí afẹ́fẹ́ ò lè jáde láéláé, ó máa bú gbàù, ẹ sọ fún dírẹ́bà kó ṣí wíńdò mọ́tò díẹ̀ lójú ọ̀nà, torí afẹ́fẹ́ yẹn lè mú èèyàn dákú. Tó bá jẹ́ pé òkè òkun ló ń lọ, àdéhùn fífi àpẹẹrẹ ránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní MTA gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìhà méjèèjì, tó sọ ohun tí wọ́n máa fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe àti ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi ṣe. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda, tí fọ́ọ̀mù bá ní ibà nìkan la fẹ́ wò tí MTA wá ń sọ nǹkan míì, ẹ dá a dúró, ẹ pe ọ̀gá, ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀nà wa ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Sábó lẹ́yìn aago mẹ́fà àárọ̀, sún kẹrẹ fà kẹrẹ ọkọ̀ ní Mile 12 àti Kétu ti dá yín dúró. Aago márùn-ún la máa ń gbéra.

Iná náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ sáyẹ́ńtíìsì, ọ̀rọ̀ yín ni. Ilé iṣẹ́ iná Egbin, tó wà lára àwọn tó ń pèsè iná fún Nàìjíríà, ò jìnnà sí wa, mẹ́gáwáàtì 1,320 ni wọ́n kọ́ ọ láti máa pèsè, iná ṣì ń lọ ní lábù wa bó ṣe ń lọ nílé gbogbo èèyàn. Ẹ ya owó dísù jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ní dísù nílẹ̀ tó máa tó ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bí iná tiẹ̀ wà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kí ẹnì kan kọ òtútù fíríìsà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kó buwọ́ lù ú, títí kan Sátidé àti Sọ́ńdè. Lẹ́nu fíríìsà, ẹ lẹ nọ́ńbà fóònù mẹ́ta mọ́ ọn, kí ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ẹni tí ilé ẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀ jù, kì í ṣe ẹni tí ipò ẹ̀ ga jù. Tí iná bá lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí i láti "wò ó bóyá ó ṣì tutù," bẹ́ẹ̀ gan-an ni òtútù ṣe ń jáde.

Owó: mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìlà tí wọ́n bá fún yín lówó fún ni kẹ́ ẹ ná an sí, tẹ́ ẹ bá gba owó lọ́wọ́ kẹ́ ẹ mú ìwé ìnáwó padà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ọlọ́kadà ò ní risíìtì, ẹ ṣe ìwé kékeré tó ní ọjọ́, ibi tí ẹ ti gbéra, ibi tẹ́ ẹ lọ, iye, àti ìbuwọ́lùwé. Tó bá jẹ́ NIH, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwádìí ìlera l'Amẹ́ríkà, ló ń sanwó, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìjábọ̀ owó tó kẹ́yìn lẹ fi gbọ́dọ̀ tọ́jú gbogbo ìwé yẹn, nítorí náà ẹ wá ibi tí òjò àti ikán ò dé.

Àmọ́ ìwé owó ọkọ̀ tá à ń fún àwọn tó wá fún wa ní ẹ̀jẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Orúkọ wọn wà níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé tàbí ìtẹ̀ka wọn wà níbẹ̀. Lára ìgò ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà nìkan ló wà. Ọjọ́ tí orúkọ àti nọ́ńbà bá bá ara wọn pàdé lórí ìwé kan náà níwájú ẹni tí kò yẹ, ẹ ti tú àṣírí èèyàn síta, òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì máa béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ má kọ nọ́ńbà ìwádìí sórí ìwé owó ọkọ̀ kó lè rọ̀ yín lọ́rùn láti kà á, mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn. Ẹ ya wọ́n sí kọ́bọ́ọ̀dù méjì, kí ìwé kan ṣoṣo tó so wọ́n pọ̀ wà lábẹ́ àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni méjì péré. Tí màmá yẹn bá sì padà wá fún ìbẹ̀wò kejì, tí èèyàn kún yàrá, ẹ dìde lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ẹ káàbọ̀ mà, ó ti kàn yín." Ẹ má dúró sí kàǹtá kẹ́ ẹ máa pe orúkọ ìwádìí.